Ojú Rẹ̀ Ni, Ara Rẹ̀ Kọ́: Ohun Tí Òfin Ń Béèrè Nípa Àwòrán Ìhòòhò Ayédèrú

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Mọ́mì Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, pè mí. Wọn ò tíì jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi ní, "Ìwọ tó o mọ̀ nípa fóònù, wo ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ yẹn. Ṣé òun náà ni, àbí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é?" Àwòrán ìhòòhò arábìnrin kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wọn ni. Ó ti gba inú ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́ta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wọ́n ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ìka pé márùn-ún, òun ni nìyẹn. Ẹlòmíì ní òjìji abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ò bá ibi tí iná ti ń tàn mu, òun kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á tún fi í ránṣẹ́ sí i kóun náà lè dá sí i.

"Ẹ pa á rẹ́ ná mà," mo ní, "ká tó sọ̀rọ̀."

"Ṣé òun ni ni?"

Mo ní mi ò mọ̀, àti pé kò sí ohun tí mímọ̀ mi fẹ́ yí padà. Inú wọn ò dùn sí ìdáhùn yẹn. Àlàyé tí mi ò ráyè ṣe tán lórí fóònù ni mò ń kọ síbí yìí.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a sì máa ń jẹ́ kí èkíní gba gbogbo àyè mọ́ èkejì lọ́wọ́. Èkíní ni pé: ṣé òótọ́ ni àwòrán yìí? Èkejì ni pé: ṣé ẹni tí wọ́n fi hàn níbẹ̀ fọwọ́ sí i? Èkíní jẹ́ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ ló sì ń le sí i fún wọn. Èkejì ò nílò kọ̀ǹpútà rárá, ẹ ṣáà bi obìnrin náà léèrè. Èkejì yìí ni àwọn òfin tó mú ọ̀rọ̀ náà dáadáa gbé ka iwájú. Àwọn tó ń ka ìka ò tíì gbọ́ ni.

Deepfake ni wọ́n ń pe irú àwòrán yìí káàkiri ayé. Ìparí ọdún 2017 ni orúkọ náà jáde, láti ara ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní "deepfakes" lórí Reddit, ìkànnì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan. Ojú àwọn gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin ló ń gbé lé ọrùn àwọn tó ń ṣe fíìmù ìṣekúṣe. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan yìí ṣe nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní 2019, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Deeptrace, ní Amsterdam, ka fídíò deepfake 14,678 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 96 nínú 100 ló jẹ́ fídíò ìṣekúṣe tí ẹni tó ni ojú ò fọwọ́ sí. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ń pariwo pé deepfake fẹ́ da ìbò rú, èmi a máa rántí pé àwọn obìnrin ti ń jẹ ìyà yìí kó tó kan ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ojú ẹni náà, kọ̀ǹpútà tó lágbára, àti sùúrù. Ẹ̀rọ náà á máa wo ojú yẹn títí yóò fi mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń yí ẹnu, bó ṣe ń wo ẹ̀gbẹ́. Ní báyìí, fọ́tò kan ṣoṣo ti tó. Fọ́tò ìkómọ tó fi sórí Facebook, tòun ti gèlè àti ìró àti bùbá, ti tó. Ẹ̀rọ náà ò rí abẹ́ aṣọ ẹnikẹ́ni o. Kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àìmọye ara àwọn ẹlòmíì ló ti wò rí, ó wá ń méfò pé bí ara ẹni tó sanra tó báyìí, tí àwọ̀ rẹ̀ rí báyìí, ṣe yẹ kó rí nìyí. Nítorí náà, ojú rẹ̀ ni, ara rẹ̀ kọ́. Níbi tó bá sì jẹ́ pé fídíò gidi ni wọ́n gbé ojú lé, obìnrin méjì ni wọ́n jà lólè: ẹni tí wọ́n mú ojú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n mú ara rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rántí pé òun náà ò fọwọ́ sí i.

Láti ìparí 2025 wọ oṣù kìíní 2026, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí gbangba pátápátá. Lórí X, àwọn èèyàn ń lọ sábẹ́ fọ́tò obìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń pàṣẹ fún Grok, ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tó wà níbẹ̀, pé kó bọ́ aṣọ rẹ̀ kù díẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ṣe é lójú gbogbo ayé. Indonesia àti Malaysia ti ilẹ̀kùn mọ́ Grok fún ìgbà díẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ó yá, kí ni òfin sọ? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú ọba, nítorí gbólóhùn kékeré kan tó wà nínú tiwọn. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024, ní England àti Wales, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pín àwòrán tó fi ẹlòmíì hàn ní ìhòòhò, tàbí tó *dà bíi pé* ó fi í hàn, láìjẹ́ pé ẹni náà yọ̀ǹda. Ẹ wo "dà bíi pé" yẹn dáadáa. Torí rẹ̀, ọlọ́pàá ò ní láti wádìí bóyá ara rẹ̀ ni tàbí ẹ̀rọ ló ya á. Bó bá jẹ́ gidi, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó pín in ò lè gòkè ilé ẹjọ́ kó ní, "Olúwa mi, ayédèrú ni, eré lásán ni mo ṣe."

Ohun tí gbólóhùn yẹn gba obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe ń dún létí lọ. Ẹ rò ó wò pé òfin ní dandan ni kó fi hàn pé ayédèrú ni. Báwo ni yóò ṣe ṣe é? Àpá wo, àmì ara wo ni yóò nàka sí pé èmi ní i, ẹni inú àwòrán yìí ò ní i? Ta ló fẹ́ bọ́ṣọ níwájú agbẹjọ́rò àti adájọ́ kó lè fi hàn pé wọn ò bọ́ òun láṣọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lòfin rí, òfin fúnra rẹ̀ á tún un ṣe fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024 yẹn ò mú ṣíṣe é. Ẹni tó ṣe é sínú fóònù ara rẹ̀, tó ń wò ó lálẹ́, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2025 ló wá sọ ṣíṣe é, tàbí bíbẹ ẹlòmíì kó báni ṣe é, di ẹ̀ṣẹ̀. Gúúsù Kòríà tilẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àṣírí tú ní 2024 pé àwọn ẹgbẹ́ kan lórí Telegram ń fi ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ṣe irú fídíò yìí, àwọn aṣòfin wọn ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wò ó, tàbí tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Bí Mọ́mì Ìbàdàn bá ń gbé ní Seoul ńkọ́!

Ti Amẹ́ríkà, aago ló gbé dání. Wọ́n ń pe òfin náà ní Take It Down Act, ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2025 ni Ààrẹ Trump bu ọwọ́ lù ú. Ẹni tó bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti àgbàlagbà síta lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, ó sì di mẹ́ta bó bá jẹ́ ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n apá tó kan àwọn ilé iṣẹ́ ìkànnì ni mo fẹ́ràn jù: bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti fi tó wọn létí, wákàtí 48 ni wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì gbìyànjú láti yọ àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó rí bákan náà. Wọ́n fún wọn ní ọdún kan, títí di 19 oṣù karùn-ún 2026, láti fi múra sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé níbí náà, kò sí ẹni tó ní kí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Ẹni tó ni ojú ti sọ pé òun ò fọwọ́ sí i, ó parí. Àwọn kan ń kọminú, ẹ̀rù wọn sì nídìí: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ fọ́tò tí kò ní aburú kankan nínú lè purọ́ fi wákàtí 48 yẹn dẹ́rù ba ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń sáré ò sì ní wádìí. Síbẹ̀, bí mo bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìhà ẹni tí ìhòòhò rẹ̀ ń kárí ìlú ni mo dúró sí.

Kí ni tiwa ní Nàìjíríà? Mi ò rí òfin kankan tó dárúkọ deepfake tó sì bèèrè ìyọ̀ǹda. Ohun tí agbẹjọ́rò sábà máa ń dì mú ni ẹ̀ka 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, Cybercrimes Act ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó jẹ́ ìṣekúṣe ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù méje náírà lọ, tàbí méjèèjì. Ó dà bíi pé ó kárí, àbí? Ẹ tún un kà. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá àwòrán náà dọ̀tí, kò bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyàwó tó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ tó wà lókè òkun àti ọ̀bàyéjẹ́ tó ṣe ayédèrú ti arábìnrin aránṣọ yẹn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí. Lọ́nà kejì, "fi ránṣẹ́" ni òfin náà sọ. Ẹni tó ṣe é tí kò fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò kàn án. Ẹni tó ń fi dẹ́rù bà ọ́ pé kó o wá san owó, ìyẹn ní ìlà tirẹ̀ nínú ẹ̀ka kan náà, ìjìyà rẹ̀ sì le jù.

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni òfin wa ti ríran jìnnà. Ẹ̀ka 23 òfin yẹn kan náà ka àwòrán tó *jọ* ọmọdé gidi mọ́ ọn, kì í ṣe kìkì èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà yà. "Dà bíi pé" ti ìlú ọba wà nínú òfin wa láti 2015, ó kàn jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n fi mọ. Ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀ka 24 kọ ò ní láti rìn jìnnà.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ẹ̀ka 24 ò lórúkọ rere. Wọ́n ti fi mú àwọn oníròyìn, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì sọ ní 2022 pé kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà. Obìnrin tó bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, ọ̀kọ̀ tí wọ́n ti fi gún ẹlòmíì ló ń bẹ̀ pé kí wọ́n fi gba òun sílẹ̀. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni ti 2023 náà wà, ojú ẹni sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn jọ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ìka.

Lóòótọ́, ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ kì í mọ ìka yà. Ìgbà kan tún wà tí kì í ṣẹ́jú. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Albany, ní New York, ṣàkíyèsí pé ẹni inú fídíò ayédèrú kì í pa ojú dé, nítorí pé fọ́tò tí ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́, fọ́tò tí ojú là sílẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síta. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ayédèrú tó ń ṣẹ́jú dé. Àwọn mìíràn ní kí a wo ẹ̀jẹ̀. Bí ọkàn bá ṣe ń lù, àwọ̀ ojú èèyàn ń yí padà fẹ́rẹ́ báyìí, ojú wa ò lè rí i ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí i. Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, gbé ẹ̀rọ kan jáde ní 2022 tó ń wá ìlù ọkàn yìí, pé èyí tí kò bá ní i, ayédèrú ni. Nígbà tó di 2025, àwọn olùwádìí ní Berlin fi hàn pé àwọn ayédèrú tuntun ti ní ìlù ọkàn. Ibo ni wọ́n ti rí i? Lára ẹni tó wà nínú fídíò tí wọ́n gbé ojú náà lé. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù lábẹ́ ojú ẹlòmíì.

Bí yóò ṣe máa rí lọ nìyẹn, torí ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí látìbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n fi ayédèrú àti ayẹ̀wò sínú yàrá kan. Ọ̀kan ń ṣe àwòrán, ìkejì ń mú un, èkíní ń tún un ṣe, títí ìkejì ò fi rí i mú mọ́. Gbogbo àléébù tẹ́ ẹ bá tọ́ka sí lónìí, ẹ̀kọ́ lẹ fi kọ́ ẹ̀rọ ti ọ̀la.

Ní 2019, Facebook pe gbogbo ayé pé kí wọ́n wá díje lórí bí a ṣe lè mú deepfake. Èèyàn 2,114 ló kópa. Nígbà tí èsì jáde ní 2020, ẹ̀rọ tó ṣe dáadáa jù lórí fídíò irú èyí tí wọ́n ti fi dánra wò gba nǹkan bíi 82 nínú 100. Lórí fídíò tí àwọn ẹ̀rọ náà ò rí irú rẹ̀ rí, nǹkan bíi 65 ni èyí tó gbé ipò kìíní gbà. Bí ẹ bá sì ta owó ẹyọ sókè lásán, orí tàbí ìrù, ẹ ó gba 50. Ẹ̀rọ ti òde òní dára jù ti ìgbà yẹn lọ, àwọn ayédèrú náà ò sì dúró síbi tí wọ́n wà.

Tún wo ohun tí WhatsApp ń ṣe. Bí èèyàn bá gbé fọ́tò síbẹ̀, ó sábà máa ń rún un kéré kó lè yá, bí ìgbà tí wọ́n ń fọ àdìrẹ tí aró rẹ̀ ń ṣí. Àmì tín-ín-tín tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ń wá wà nínú aró yẹn. Nígbà tí yóò fi gba ẹgbẹ́ mẹ́ta kọjá, tí ẹnì kan tún ti ya ojú fóònù rẹ̀, kí ló kù? Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún ń tẹ àmì tí ojú ò lè rí mọ́ àwòrán AI wọn láti orísun, bíi SynthID ti Google. Ó wúlò, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ibi lè yan ẹ̀rọ tí kì í tẹ àmì.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ ní a ti rí ẹ̀rọ tó ń gba 95 nínú 100. Ó dún bí ohun tó parí ọ̀rọ̀. Ká wá ní ìkànnì kan gba fọ́tò 10,000 lọ́jọ́ kan, 100 nínú rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Ẹ̀rọ náà á mú 95. Ṣùgbọ́n nínú 9,900 tó jẹ́ gidi, yóò ṣi 5 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan mú, ìyẹn 495. Àpapọ̀ gbogbo èyí tó mú jẹ́ 590, ojúlówó ayédèrú inú rẹ̀ ò pé ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbé ẹ̀mí mi lé ẹ̀rọ tó bá kọ "gidi ni" sójú fóònù.

Ibi tí ayẹ̀wò ti ṣe pàtàkì gan-an ni ibi tí nǹkan ti yí padà: nígbà tí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi bá ń pariwo pé AI ni. Olóṣèlú tí ohùn rẹ̀ jáde, ọ̀gá tí fídíò rẹ̀ jáde, gbogbo wọn ti ní àwáwí tuntun. Ilé ẹjọ́ nílò onímọ̀ níbẹ̀. Àti láti mọ ẹni tó ṣe é náà nílò iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá àtijọ́ ju ti AI lọ: àkántì wo ló kọ́kọ́ gbé e síta, nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ta ló bèèrè owó?

Fún arábìnrin aránṣọ náà, ohun kan wà tó lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. StopNCII.org, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021 láti ìlú ọba, wà fún ẹni tó ti pé ọdún 18, ọ̀fẹ́ ni, ó sì gba ayédèrú pẹ̀lú. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé ṣé káwọn tún lọ gbé àwòrán yẹn fún àwọn àjèjì ni? Rárá. Inú fóònù rẹ̀ ni yóò ti ṣí i. Fóònù náà yóò sọ àwòrán di òǹkà gígùn kan, bí ìtẹ̀ka. Ìtẹ̀ka yẹn nìkan ló ń lọ, àwòrán ò kúrò lójú kan, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ìtẹ̀ka tún àwòrán yà. Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn tó wà nínú ètò náà á wá máa wo fọ́tò tó bá wọlé, èyí tí ìtẹ̀ka rẹ̀ bá bá a mu, wọ́n á dá a dúró. Fún ọmọ tí kò tíì pé 18, ètò tiwọn ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ Take It Down (orúkọ òun àti òfin yẹn jọra ni, nǹkan ọ̀tọ̀ ni wọ́n). Kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Bí ìkà náà bá ṣe òmíràn, ìtẹ̀ka rẹ̀ yàtọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kó tó ṣe ìyẹn, kó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí: líǹkì ibi tó wà, orúkọ àkántì, nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ bó bá bèèrè owó. Ẹ̀ka 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ìlànà tirẹ̀ lórí ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, agbẹjọ́rò sì nílò wọn. Àjọ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka kan fún irú ọ̀rọ̀ yìí ní Àbújá, National Cybercrime Centre. Kó má fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ pé "bá mi tọ́jú rẹ̀".

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́mì Ìbàdàn tún pè. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́. Mo bi wọ́n bóyá àwọn náà fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹni méjì péré," ni wọ́n ní, "torí kí wọ́n lè bá mi wò ó."

Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí, kí wọ́n yan èyí tó ń pa á rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Lórí ti ẹnì kejì, wọ́n rí àmì búlúù méjì.

"Ó ti wò ó," ni wọ́n ní. "Ó tiẹ̀ ti fèsì. Ó ní ìka rẹ̀ pé."